Irin Abẹ́ Ewé Ara Ògiri Rẹ

                                        Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                        Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Aláwọ̀ Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tí mo gbé pọ̀n kó tó mọ ẹsẹ̀ ẹ́ gbé,

Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n kà wọ́n fún ọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Àbígbẹ̀yìn mi tó ń ta táyà ti di bàbá ọmọ. Obìnrin ni ìyàwó rẹ̀ bí, orí ọmọ náà sì kún fún irun bí ẹni tó ti ń lọ sọ́dọ̀ onídìrí láti inú wá. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí mo ti ń kọ́ ìwé kíkà, bí ìbejì, ọkùnrin ni méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ti ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú awakọ̀ áḿbúláǹsì tó máa ń bá a jà láràárọ̀ lẹ́nu géètì. Àwa tí ojú wa là ti mọ̀ tipẹ́ pé ìjà yẹn kì í ṣe ìjà. Alágbàfọ̀ tó wà ní òdìkejì wa náà ti fẹ́ ọkọ kejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣòkòtò ọkùnrin kì í wọ́n lórí okùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó tètè fura.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò tíì bímọ, tí kò sì tíì fẹ́ ọkọ nínú ilé yìí ni Ológìnní, ọmọ-ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo jókòó láti kọ sí ọ, òun àti ọ̀rọ̀ ògiri rẹ.

Ṣùgbọ́n orúnkún ńkọ́? Ṣé o ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ní kí o máa ṣe, àbí o kàn ń sọ fún mi pé ò ń ṣe é? Etí rẹ ńkọ́? Ì bá ṣe pé o ń gbọ́ ohùn inú fóònù dáadáa ni, ǹ bá ti pè ọ́ lóru tí mo ka lẹ́tà rẹ, kì bá tí sí ìdí fún gbogbo ìwé gígùn yìí. Ṣé télọ̀ tó wà ní yàrá iwájú ti jẹ́ kí o máa sùn di ojúmọmọ, àbí ó ṣì ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ? Èmi wà dáadáa. Wọ́n ti fún mi ní awò tuntun. Mo ń fi kàwé, mo sì ń fi rí eruku tí n kò rí tẹ́lẹ̀ nínú ilé, nítorí náà ìsinmi mi ti dín kù.

Mo gba lẹ́tà rẹ. Èmi fúnra mi ni mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi pe ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ àyàfi “bíríkìlà”, tí o kọ bí ẹni tí òjò ń lé. Mo rí i níbẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. O ní bíríkìlà wá wo ibi tí ògiri ẹ̀yìnkùlé ti là, tí òjò ń gbà wọ yàrá rẹ. O ní nígbà tó gbé ewé ìtàkùn tó bo ògiri náà sókè, irin ló bá níbẹ̀, wọ́n kàn wọ́n mọ́ ògiri, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ lókè, wọ́n sì fi ìtàkùn wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ojú má baà rí i. O ní pákó pẹlẹbẹ kan wà lórí méjì tó wà lókè pátápátá. O ní bíríkìlà rẹ́rìn-ín pé olè kúkúrú ni yóò jẹ́, nítorí pé àlàfo àárín irin kan sí èkejì kéré fún ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Òun rẹ́rìn-ín, ìwọ ò rẹ́rìn-ín. O ti gbé ibùsùn rẹ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, o sì ti ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀ láti gé ìtàkùn náà láti ìdí, kó sì yọ gbogbo irin yẹn dànù.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kò gùn, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kó gé e ní Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe olè ló kan irin yẹn mọ́ ògiri. Mo mọ ẹni tó kàn án, ìwọ náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ka ìwé yìí dé òpin kí o tó bínú sí mi.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe géèmù ni Ológìnní ń lọ. Èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, géèmù ìrìn àjò ni. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó gbé àpò sẹ́yìn, tó ń rìn káàkiri ìlú àtijọ́ kan tí igbó ti gbà. Àtẹ̀gùn inú ìlú náà ti wó tán pátá. Ibi tó bá fẹ́ dé, ohun tó bá fẹ́ rí, àfi kó gun ewéko. Ìtàkùn wà tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Gbòǹgbò wà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta bí irun arúgbó. Irúgbìn kan sì wà, ẹ̀wà ni èmi ń pè é, tó jẹ́ pé bí o bá bomi rin ín, ojú ẹsẹ̀ ni yóò hù, yóò sì ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ọmọbìnrin náà á sì máa gùn ún lọ sókè. Mo sọ fún Ológìnní pé bí ẹ̀wà bá ń hù báyìí ní tòótọ́, ebi ì bá ti di ìtàn. Lórí ewéko kọ̀ọ̀kan, nǹkan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá gùn ún dé òkè: ọ̀nà tuntun, adágún omi tí a kò rí láti ìsàlẹ̀, òrùlé ilé tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Ewéko ni ọ̀nà, ewéko náà ni ìlẹ̀kùn.

Ológìnní ló ń ya gbogbo ewé wọ̀nyí. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti orí koríko dé orí ìtàkùn. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, mo máa ń sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni pé ewé rẹ̀ jọ ewé jù. Àwọn tí wọ́n bá pè wá láti dán géèmù náà wò kì í mọ èyí tó ṣeé gùn yàtọ̀ sí èyí tó kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́. Àwọn kan á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára ògiri lásán. Àwọn kan á máa fo mọ́ gbogbo ewé tí wọ́n bá rí, wọ́n á máa já bọ́, wọ́n á sì máa bínú. Ọ̀gá wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í pariwo, ní kí wọ́n kun gbogbo èyí tó ṣeé gùn ní ọ̀dà tó ń tàn bí ìyeyè, tàbí kí wọ́n kúkú kó ewé kúrò, kí wọ́n fi àkàbà irin síbẹ̀. Ológìnní kò gbà. Ó ní nínú igbó, ta ló ń kun ewé?

Mo kìlọ̀ fún un. Mo ní ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun terin ló ń lọ. Ó wò mí, ó ní, “Màmá Àgbà, ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, èmi ni ìtàkùn àbí èmi ni erin?” Mo ní kó jẹun rẹ̀.

Ọ̀gá náà wá ní kó mú ẹnì kan wá tí kò di páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù mú rí láyé rẹ̀, kí àwọn wo ohun tí ojú rẹ̀ máa rí. Kò pẹ́ láti mọ ẹni tó máa mú.

Mo wọ aṣọ mi tó dára, mo mú awò mi, a lọ. Ìlànà iṣẹ́ wọn ni pé wọn kì í bá ẹni tó ń dán géèmù wò sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa wò ó, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa la ẹnu ràn án lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Mo wọlé, mo kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún wọn kí, wọ́n ń wo ara wọn. Mo bá gbé páàdì wọn padà sórí tábìlì, mo ní, “Bí ìyá tó bí yín bá kí yín nílé, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa ń wò ó?” Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ káàbọ̀ o. Ìlànà ni kò jẹ́ ká lè fọhùn.” Mo ní kò burú, ìlànà tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé, èmi náà á fi orí jì í. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì dáhùn ìkíni mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin inú géèmù dúró síwájú ògiri ńlá kan tí ewé bò mọ́lẹ̀. Ìwọ ti kọ́ ìwé kíkà tìrẹ ní kékeré, o lè má rántí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe kọ́ àwa ni pé láti òsì lọ sí ọ̀tún, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí ìka má sì fo ìlà kankan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo dìde, mo fi ìka lé ojú tẹlifíṣọ̀n wọn, mo ń ka ewé ní ìlà-ìlà. Oòrùn inú géèmù náà wọ̀, òṣùpá yọ, mo ṣì wà ní ìlà kẹta. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbé ẹ̀rín mì lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo kà á tán, mo yíjú sí wọn, mo ní: “Ewé yín dára. Mo rí gbogbo wọn. Èyí tó lè gbé mi ni n kò rí.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí ni wọ́n fi dájọ́. Ọ̀gá sọ fún Ológìnní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé bí ẹni bíi tèmi kò bá lè mọ ewé tó yẹ kó gùn kí oṣù yìí tó parí, àkàbà irin ló máa wọlé, kò sì ní sí iṣẹ́ fún ẹni tó ń ya ewé mọ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ohun tó mú kó dùn mí nìyẹn, nítorí pé òótọ́ ni.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tó ba nǹkan jẹ́ nílé onílé. Ológìnní ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá Àgbà, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ògiri Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń yà láti ọjọ́ yìí.” Ìwọ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mo gùn ún láìmọye ìgbà ní kékeré, n kò já bọ́ rí. Ọwọ́ mi mọ ibi tó yẹ kí n dì mú. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ yà á báyìí, n kò mọ ohun tí ọwọ́ mi rí nígbà yẹn.”

Bí a ṣe wà nìyẹn títí lẹ́tà rẹ fi dé.

Ológìnní ń fọ abọ́, èmi jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń ka lẹ́tà rẹ sókè kí ó lè gbọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà tó. Mo dé ibi irin, ó ṣì ń fọ abọ́. Mo dé ibi olè kúkúrú, a jọ rẹ́rìn-ín. Mo dé ibi pákó pẹlẹbẹ tó wà lókè, n kò gbọ́ ariwo abọ́ mọ́. Omi ẹ̀rọ ṣì ń dà.

Ó ní, “Ẹ tún ibẹ̀ kà.”

Mo tún un kà.

Ó ní, “Èmi ni mo máa ń jókòó lé e. Mo rò pé ibi tí ìtàkùn ti nípọn ni.”

Àbúrò mi, jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù.

O rántí ìgbà ìsinmi tó kọ́kọ́ wá lò lọ́dọ̀ rẹ, nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún hù. Ó ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn ọgbà lójoojúmọ́, kò rí i, ìyẹn kò sì jẹ́ kí ó jókòó jẹ́jẹ́. Ó gun ìtàkùn láti lọ wò ó. Ọkọ rẹ, Bàbá Olópòó, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló ká a mọ́ àárín ògiri, tó fa etí rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, tó sọ ọ́ ní Ológìnní. Gbogbo ilé gbọ́ ọ tó búra pé kí ọmọ yìí tó tún padà wá, ewé kan kò ní í kù lára ògiri yẹn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó padà wá, ewé ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ gan-an bi ọkọ rẹ léèrè, ó ní òun ò rí àyè. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ fún ọ pé ọkùnrin tó ń gun òpó iná láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó tọ́ kí ó kórìíra àkàbà nílé.

Ohun tí a kò gbọ́ ni ohun tó sọ fún ọmọ náà. Ológìnní ní ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó gbé rédíò sórí itan, kò tilẹ̀ wo ojú òun. Ó ní, “Ológìnní, mo ti kìlọ̀ fún ọ o. Aláìgbọràn tó bá tún gun ògiri yìí, ẹsẹ̀ òsì ni yóò kọ́kọ́ gbé. Bí a ṣe ń mọ aláìgbọràn nìyẹn.” Ó bá yí ohùn rédíò rẹ̀ sókè.

Ọmọdé ni ọmọdé. Bí ó ṣe dé ìdí ògiri, ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ gbé, kí ó lè fi hàn pé aláìgbọràn ni òun. Ẹsẹ̀ náà bá nǹkan tó le. Ó gbé ọ̀tún, ọ̀tún náà bá nǹkan tó le. Ó rò pé ìtàkùn náà ti dàgbà, ó ti ní agbára, bí òun náà ṣe ti dàgbà. Nígbà tó dé òkè, àyè wà fún un láti jókòó. Ó jókòó síbẹ̀, ó wo ọkọ̀ ojú irin títí tó fi kọjá.

Ta ni nínú gbogbo wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan irin sára òpó, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún? Ta ni kò lè kan nǹkan kí ó má fi okùn wé e? Olè wo ló máa wọn àlàfo irin mọ ẹsẹ̀ ọmọdé? Olè wo ló máa gun ilé onílé, tó máa wá ṣe ìjókòó fún ara rẹ̀ kí ó lè máa wo ọkọ̀ ojú irin?

O rántí bí o ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgbà ìsinmi. O máa ń ní, “Ẹ wá wo ọkùnrin tó fi ìyàwó sílẹ̀ nínú ilé, tó gbé àga kọjú sí ògiri.” Kì í dá ọ lóhùn. Kì í sì í kúrò lórí àga yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ọmọ á fi ti ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ewé lórí. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gorí igi kò lè rí i. Mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ láti ìgbà tí mo ti ní ọmọ. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ti gbọ́ ọ, tó ronú sí i, tó dìde, tó sì lọ kan ìjókòó sórí igi fún ọmọdé.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ fún ọ, wàá ní kó yọ ọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá sọ fún ọmọ náà, yóò di àkàbà lásán, kò ní jẹ́ pé òun ló rí ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ológìnní kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n oorun tí kò sùn yẹn kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Ó ní òun ti mọ ohun tí ọwọ́ òun rí. Ewé tó ní irin lábẹ́ kò lè sùn pẹlẹbẹ mọ́ ògiri. Á yọ díẹ̀, bí aṣọ tí a fi kọ́ ìṣó. Ẹyẹ á máa bà lé e ju ìyókù lọ. Ìtàkùn tó yí irin ká á sì máa dán, nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yà á bẹ́ẹ̀, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, kò fi ọ̀dà kankan sí i.

Ní Sọ́ńdè ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi, ó fi páàdì lé mi lọ́wọ́, ó ní òun kò ní fọhùn. Mo ní kó kọ́kọ́ kí mi. Ó kí mi. Mo wo ògiri náà. N kò fi ìka kà á lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi kàn ń lọ fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń rí báyìí tí mo bá rí orúkọ mi nínú ìwé. Mo gbé ọmọbìnrin náà lé ìtàkùn. Ó gòkè, ó sinmi díẹ̀ nítorí pé agbára rẹ̀ máa ń tán, ó tún gòkè. Nígbà tó dé orí ògiri, tó wo òdìkejì, ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ jẹ́jẹ́ nínú koríko. Ọmọ yìí ti yà á síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó tíì gun ibẹ̀ dé òkè láti rí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo yọ awò mi, mo nù ún, mo tún un fi sójú.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ológìnní ní ìrántí lásán ni òun fi ya èyí, bí òun bá sì ya gbogbo ìlú náà bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀gá á rí i pé òun ń méfò. Ó fẹ́ wá fi ojú ara rẹ̀ rí bí ewé ṣe ń yọ lórí irin, kó fi ọwọ́ kàn án, kó yà á ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí òjìji rẹ̀ bá yí. Àwòrán tí a bá fi fóònù yà kò lè ṣe é, ó ní fóònù kò ní ọwọ́. Sátidé yìí ni àyè wà fún un, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá á wo iṣẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà rẹ ní Ọjọ́bọ̀ ni òun ń bọ̀. O wá rí ìdí tí mo fi bẹ awakọ̀ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ pé kó má fi í sùn sí ibì kankan lọ́nà.

Ògiri rẹ ni, n kò gbàgbé. Òjò tó ń wọ yàrá rẹ kì í ṣe géèmù, ikọ́ tó ń ṣe ọ́ náà kì í ṣe géèmù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Kí bíríkìlà dí ibi tó là, kí ó gé ìtàkùn tó sún mọ́ òrùlé àti èyí tó ń wọ fèrèsé. Kí ó yọ irin méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ olè gidi má baà rí ibi gbé lé, kí ọkàn rẹ sì balẹ̀. Èyí tó kù, jẹ́ kó wà. Wọ́n ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ọkọ rẹ ló wà lábẹ́ ewé yẹn. Bí o bá kà á tán, tí o sì ṣì fẹ́ kó gé gbogbo rẹ̀, n kò ní jà, ṣùgbọ́n jẹ́ kó di Mọ́ńdè. Gbé ibùsùn rẹ padà sókè lónìí. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ láti ojú fèrèsé yẹn, àfi ọmọ rẹ tó ti sanra ju ológìnní lọ báyìí, tí n kò sì ní jẹ́ kí ó gun ohunkóhun níṣojú mi.

Mo ń bá a bọ̀. Má ṣe wàhálà kankan nítorí wa. Ibi tí Bàbá Olópòó máa ń gbé àga sí ni mo fẹ́ rí.

Bá mi kí télọ̀, kí o sì sọ fún un pé ẹ̀wù tó rán fún mi fún mi lọ́rùn, èmi kò sì tíì sanra. Bá mi kí bíríkìlà, sọ fún un pé olè kúkúrú rẹ̀ ń kí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́ bá ọ lónìí tún mọ́ bá ọ lọ́jọ́ Sátidé, kí n bá ọ ní àlàáfíà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò lè fi ọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀rù,

Ìyá Àgbà Ológìnní
(èmi fúnra mi ni mo kọ gbogbo rẹ̀)

Owó wà nínú àpòòwé kékeré tó wà lọ́wọ́ awakọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. Mẹ́fà jẹ́ ti bíríkìlà àti símẹ́ǹtì rẹ̀. Mẹ́ta, kí o fi ra àgádágodo tó dára sí fèrèsé rẹ, kí o lè sùn. Ẹgbẹ̀rún kan tó kù, kí bíríkìlà fi ra pákó, kí ó kan ìjókòó sí ìdí ìtàkùn náà, nísàlẹ̀, kí ó fẹ̀ tó èèyàn méjì.